Kí Lo Rí Sí I?

Ní Fúntùá, lọ́dún tí òwú so ju ti àtẹ̀yìnwá lọ,
tí àwọn tírélà ń já ẹ̀gbọ̀n òwú sílẹ̀ lójú títì
bí ẹni pé ọ̀nà Saríà ń hu irùngbọ̀n arúgbó,
àwa mẹ́ta la jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú fìlà Gìdádò:
èmi, ọmọ ará Ọ̀fà tó ń tún aago ṣe;
Hànsátù, ọmọ Màlámù Tánkò oníkáún;
àti Gìdádò fúnra rẹ̀, tí màlúù bàbá rẹ̀
mọ orúkọ rẹ̀ ju bí tíṣà ti mọ̀ ọ́n lọ.

Hànsátù ló kọ́kọ́ kọjá.
Wọ́n fi làálì dì í lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú,
ó jókòó sórí ẹní bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ ẹrẹ̀.
Ó ké sí àbúrò mi obìnrin,
ó da ọmọ òkúta márùn-ún tó fi ń ta lé e lọ́wọ́:
"Bá mi tọ́jú wọn. Mò ń bọ̀ wá gbà á."
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mùsáwà ni wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n kórè ọkà bàbà tán
ni wọ́n ṣe ṣárò lẹ́yìn ọjà màlúù.
Mo gun igi dọ̀gọ̀yárò kí n lè ríran.
Gìdádò bọ́ ẹ̀wù, ó gbé dígí kékeré sókè,
ó ń wo ojú ara rẹ̀ bí pàṣán ti ń bọ̀.
Ó balẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.
Òmíràn balẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi kún un.
Èmi tí mo wà lórí igi ni mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹ̀yìn hàn mí,
ilà mẹ́ta tó wú bí ebè.
"Tìrẹ ńkọ́? Kí làwọn tiyín ń ṣe fún ọkùnrin?"
Mo délé, mo bi ìyá mi. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́.
"Wọ́n ti dákọ́ fún ẹ ní ijọ́ kẹjọ. Kí lo tún ń wá?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi dànù.

Wọ́n ní ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun.
Mo ti ń wẹ ọwọ́ mi láti kékeré.
Kò sẹ́ni tó pè mí sídìí àwo.

Inú ọyẹ́ ni bàbá mi ṣubú lórí tábìlì,
awò ojú kan tó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀.
Ìyá mi wà ní Ọ̀fà, níbi òkú ìyá tirẹ̀.
Nọ́ọ̀sì kan gbé bébà jáde ní ọsibítù:
"Àgbà yín dà?"
Mo wẹ̀yìn. Ògiri ni mo rí, àti kàlẹ́ńdà èṣí.
Ó tún bèèrè.
Mo ní, "Èmi ni."
Bírò náà ń da tàdáà.
Mo kọ orúkọ bàbá mi, mo kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀;
ìbẹ̀rù jẹ́ kí tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ.
Wọ́n gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Gìdádò rí ìka mi: "Kí lèyí?"
"Tàdáà ni."
Ó wò ó pẹ́. "Ṣé ó dùn ọ́?"
Mo ní ó dùn mí.
Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kí wọ́n fi kún un.

Hànsátù dé lọ́jọ́ Iléyá, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó bèèrè òkúta rẹ̀. Mẹ́rin ló kù.
Ó ju ọ̀kan sókè, ó hán an,
ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín kèkè.
Ẹnìkan pè é lẹ́nu ọ̀nà.
Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí etí ìró, ó lọ.

Bàbá mi padà sídìí tábìlì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́.
Alákòwé kan gbé aago tí omi ti wọ̀ wá.
Bàbá mi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó, ó dákẹ́,
ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi.

"Kí lo rí sí i?"

Mo wẹ̀yìn.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbọ̀n òwú ọdún mìíràn ń fò kọjá.
Mo fa àga.